Eruku ibi iṣẹ́ àti afẹ́fẹ́ inú ilé: kí ni wọ́n ń fi ohùn wa ṣe ní Àbújá àti Òkè Ọya?

Akọ̀wé_Wuse | Ọjọ́bọ̀, 7:42 alẹ́

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará wa ní Àbújá àti ní gbogbo Òkè Ọya. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni ó ń bá fínra.

Iṣẹ́ mi ni láti máa dáhùn ìpè àwọn oníbàárà lórí fóònù láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ní ọ́fíìsì kan ní Wuse. Wọ́n ti kan gbogbo fèrèsé yàrá wa pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, kápẹ́ẹ̀tì tí ó wà nílẹ̀ ti gbó, wọ́n sì ń kọ́ ilé alájà púpọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wa, débi pé bí a bá nu tábìlì tán ní òwúrọ̀, ènìyàn lè fi ìka kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí eruku kí ọ̀sán tó pọ́n. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ohùn mi máa ń já gaara. Nígbà tí yóò bá fi di Ọjọ́rú, ó ti há, ọ̀fun á máa yún mi, èmi náà á sì máa ha ọ̀fun ṣáá nítorí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kan tí kò fẹ́ jáde. Bí mo bá wá lo ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú nílé ní Nyanya, ohùn náà á tún padà bọ̀ sípò.

Àwọn kan nínú ọ́fíìsì sọ pé òtútù ni. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ tí à ń sọ ni ó pọ̀ jù, pé kò sí ohun tí eruku fi ohùn ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa tilẹ̀ gbà mí níyànjú pé kí n lọ wádìí ẹni tí ó ń bá mi jà. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀, nítorí gbogbo àwa tí a jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù kan náà ni ohùn ń há fún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ṣé eruku ni, àbí afẹ́fẹ́ tútù, àbí ọ̀rọ̀ sísọ? Kí sì ni a lè ní kí ọ̀gá wa bá wa tún ṣe?

Olùkọ́_Kubwa | Ọjọ́bọ̀, 8:05 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, àbúrò mi. Eruku ni, mo sì fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kubwa, mo sì mọ ohun tí ẹfun ìkọ̀wé máa ń ṣe. Bí a bá fi aṣọ gbígbẹ nu pátákó, ẹni tí ó dúró tì í jù lọ ni lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ń bà lé, olùkọ́ ni ẹni náà, ẹnu rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ lákòókò yẹn nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn ọmọ máa ń gbá yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní àárọ̀ láìwọ́n omi sí i. Eruku tí ìgbálẹ̀ rú sókè kì í tíì rọlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà tí a ti ń fi tádàwà kọ̀wé sórí pátákó funfun ní àwọn kíláàsì kan, ikọ́ mi ti dínkù gidigidi. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un: ohùn mi ṣì ń rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀ ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Nọ́ọ̀sì_Gwagwalada | Ọjọ́bọ̀, 9:31 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú imú, etí àti ọ̀fun ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé, nítorí ohun tí àbúrò wa béèrè kò ní ìdáhùn ẹyọ kan.

Inú gògóńgò ni okùn ohùn méjì wà. Bí a bá ń mí, wọ́n á yà kúrò lára ara wọn kí èémí lè kọjá. Bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á sún mọ́ra, èémí tí ó ń ti ẹ̀dọ̀fóró bọ̀ á sì mú kí wọ́n máa gbọ̀n. Ní ọ̀fun àgbàlagbà ọkùnrin, wọ́n máa ń gbọ̀n tó nǹkan bí ìgbà 100 sí 130 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ti obìnrin máa ń tó nǹkan bí ìgbà 200. Ẹ wá ro ohun tí ìyẹn yóò jẹ́ fún ẹni tí ó ń dáhùn ìpè láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ohun tí ó ń jẹ́ kí wọ́n lè máa gbá ara wọn bẹ́ẹ̀ láìbó ni omi fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bò wọ́n. Bí omi náà bá gbẹ tàbí tí ó bá ki, okùn ohùn kì í tètè gbọ̀n mọ́, ènìyàn á sì ní láti fi agbára ti èémí sókè kí ohùn tó lè jáde. Agbára tí à ń lò yẹn ni ó ń mú kí ọrùn máa ro wá ní ìrọ̀lẹ́, òun náà ni ó sì ń mú kí okùn ohùn wú. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, kókó lè yọ sí i lára.

Ibi tí eruku ti wọ̀ ọ́ nìyí. Imú ni ó yẹ kí ó sẹ́ èémí tí à ń fà, kí ó mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó sì fi ọ̀rinrin sí i kí ó tó dé gògóńgò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ láìdánudúró, ẹnu ni ó ń gbà fa èémí, nítorí kò sí àyè láti fi imú fà á láàárín gbólóhùn kan sí èkejì. Bí afẹ́fẹ́ yàrá bá ti gbẹ, tí ó sì kún fún eruku, bẹ́ẹ̀ gan-an ni yóò ṣe dé orí okùn ohùn. Máíkírómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà; irun orí ènìyàn fẹ̀ tó nǹkan bíi máíkírómítà 70. Eruku tí kò tó máíkírómítà 10 lè kọjá imú, èyí tí kò sì tó 2.5 ni ó ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ. Àwọn tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ máa ń bà sí ọ̀fun àti gògóńgò, ara á sì máa pèsè kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láti fi kó wọn jáde. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ẹ̀ ń ha ọ̀fun lé lórí nìyẹn, Akọ̀wé. Mo bẹ̀ yín, ẹ dẹ́kun híha ọ̀fun, nítorí okùn ohùn méjèèjì máa ń forí gbárí nígbà tí ẹ bá ṣe é, ara rẹ̀ á sì tún pèsè kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mìíràn. Ẹ gbé itọ́ mì, tàbí kí ẹ mu omi díẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá nímọ̀ràn ní ọdún 2021 pé kí eruku kíkéré tí kò tó máíkírómítà 2.5 má ṣe ju máíkírógíráàmù 15 (ìyẹn, ìdá mílíọ̀nù gíráàmù lọ́nà 15) lọ nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan láàárín wákàtí 24. Ní ìgbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ Òkè Ọya máa ń kọjá ìyẹn fíìfíì, ọ̀rinrin inú rẹ̀ sì lè wálẹ̀ sí abẹ́ ìdá 20 nínú 100, nígbà tí ó jẹ́ pé láàárín 40 sí 60 ni ó tù wá lára jù.

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, ìbéèrè yín dára. Ìwádìí kan jáde ní ọdún 2004 nípa àwọn olùkọ́ ní ìpínlẹ̀ Iowa àti Utah ní Amẹ́ríkà. Olùkọ́ 11 nínú 100 ni ohùn ń yọ lẹ́nu lásìkò tí wọ́n bi wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò ju bíi 6 nínú 100 lọ láàárín àwọn tí kì í ṣe olùkọ́. Ọyẹ́ kò dé Iowa. Ọ̀rọ̀ sísọ fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹrù fún ohùn; eruku àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń bu kún ẹrù náà ni. Nítorí náà, ẹfun lè lọ, kí ikọ́ sì lọ pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ohùn ṣì máa rẹ̀ bí ẹ bá ṣì ń pariwo.

Ẹlẹ́rọ_Lugbe | Ọjọ́ Ẹtì, 6:50 òwúrọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Títún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ni iṣẹ́ mi, mo sì fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri máa ń fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé láti ìta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú yàrá ni ó ń fà, tí ó ń mú tutù, tí ó sì ń tú padà síbẹ̀. Èémí tí gbogbo yín mí síta, eruku tí ó wà nínú kápẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ ni ó ń yí po láti àárọ̀ dé alẹ́. Omi tí ó ń kán láti ẹnu páìpù ní ìta, inú afẹ́fẹ́ yàrá yín ni ó ti fà á jáde. Ẹ lọ wo páìpù náà ní oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní: ó lè má kán rárá, nítorí afẹ́fẹ́ ti gbẹ débi pé kò rí omi kankan fà mọ́.

Láìpẹ́ yìí, mo ṣí ojú ọ̀kan nínú ọ́fíìsì kan tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń ráhùn pé ẹ̀rọ náà kò tutù dáadáa. Eruku tí ó wà lára asẹ́ rẹ̀ ká kúrò lódindi bí aṣọ òfì, láìfàya. Nígbà tí mo wá fi iná tọ́ọ̀ṣì wo inú lọ́hùn-ún, èébu dúdú ti bo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, òórùn rẹ̀ sì dà bo gbogbo yàrá. Arábìnrin tí ó jókòó sábẹ́ rẹ̀ gan-an sọ fún mi pé ọ̀fun kì í jẹ́ kí òun gbádùn. Ẹ bá mi wò ó.

Ní ìgbà ọyẹ́, ó yẹ kí wọ́n máa fi omi fọ asẹ́ yẹn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí wọ́n sá a síbi tí oòrùn kò ti pa á, kí ó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó dá a padà. Inú ẹ̀rọ náà ní tirẹ̀ nílò ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, ó kéré tán kí ọyẹ́ tó wọlé àti lẹ́yìn tí ó bá lọ. Kí ẹ sì yí ewé rẹ̀ sókè, kí afẹ́fẹ́ má baà máa fẹ́ lu ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé eruku ńláńlá nìkan ni asẹ́ náà ń dá dúró. Èyí tí nọ́ọ̀sì wa sọ pé ó kéré gan-an máa ń kọjá lára rẹ̀.

Bàbá_DeiDei | Ọjọ́ Ẹtì, 1:18 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Igi ni mo ń tà ní Dei-Dei, a sì ń là á níbẹ̀. Ibi tiwa kò ní ògiri mẹ́rin, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ayùn ń fò wọ imú àti ẹnu ní gbogbo ìgbà, ariwo ẹ̀rọ kì í sì í jẹ́ kí ẹni tí ó dúró tì ọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àfi bí o bá kígbe. Láti ìgbà tí a ti wà ní ọ̀dọ́ ni àwọn ọ̀gá wa ti kọ́ wa pé bí a bá ṣíwọ́ iṣẹ́, kí á mu mílíìkì, tàbí kí á lá epo pupa díẹ̀, kí ó lè fọ eruku kúrò lọ́fun. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Mo béèrè nítorí pé ohùn mi ti há láti ìgbà òjò èṣí, kò sì tíì padà, bẹ́ẹ̀ ni n kò fi mílíìkì du ara mi.

Nọ́ọ̀sì_Gwagwalada | Ọjọ́ Ẹtì, 2:40 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọ̀rọ̀ tiyín ni ó jẹ mí lógún jù nínú gbogbo ohun tí mo kà níbí.

Ohùn tí ó bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, tí kì í ṣe pé ọ̀fìnkìn ń ṣe ènìyàn, dókítà gbọ́dọ̀ wo gògóńgò náà ni. Kò sí ẹni tí ó lè fi etí lásán mọ ohun tí ó wà níbẹ̀, ìbáà ṣe wíwú, ìbáà ṣe kókó, ìbáà ṣe ohun tí ó burú ju ìyẹn lọ. Wíwò ó kò le. Láti ọdún 1854 ni Manuel García, ará Sípéènì tí ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní orin kíkọ, ti fi dígí kékeré wo okùn ohùn ara rẹ̀. Lónìí, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí kámẹ́rà wà lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n ń lò, kì í sì í pẹ́. Ẹ lọ sí ẹ̀ka imú, etí àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Àbújá ní Gwagwalada, tàbí kí àwọn ọmọ mú yín lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba mìíràn tí ó bá súnmọ́ yín. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀ ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, tí oúnjẹ kò gbé mì dáadáa, tàbí tí kókó kan yọ sí ọrùn, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì.

Ní ti mílíìkì àti epo, Bàbá, ọ̀nà oúnjẹ ni wọ́n ń gbà, ọ̀nà èémí sì ni eruku wà. Ìdérí kan wà ní gògóńgò tí ó ń bò ó nígbà tí a bá ń gbé nǹkan mì. Omi pàápàá kì í kan okùn ohùn. Nígbà tí omi bá pá ènìyàn lórí, ó fẹ́ gba ibẹ̀ ni. Omi tí a mu ní láti kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀ kí ara tó lè lò ó láti pèsè ọ̀rinrin fún okùn ohùn, ìyẹn sì ń gba àkókò, nítorí náà kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún láti òwúrọ̀, kí ẹ má dúró di ìgbà tí ọ̀fun bá gbẹ. Mílíìkì kò burú gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ. Ohun tí ó bà mí nínú jẹ́ ni pé àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ kan á fún àwọn òṣìṣẹ́ ní mílíìkì, wọn kò sì ní fún wọn ní ìbòmú.

Ìbòmú náà ni mo fẹ́ kí ẹ rà. Èyí tí wọ́n kọ N95 sí lára máa ń dá ó kéré tán ìdá 95 nínú 100 eruku tíntìntín dúró bí ó bá lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa. Aṣọ tí a ká mọ́ ẹnu kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àjọ tí ó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka eruku igi mọ́ àwọn ohun tí ó ń fa jẹjẹrẹ inú imú. Wọ́n sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé asbestos, òkúta onífọ́nrán tí wọ́n ń pò mọ́ ohun ìkọ́lé, lè fa jẹjẹrẹ gògóńgò gan-an. Mo sọ èyí nítorí pé àwọn páálí àjà àti ìbolé tí wọ́n fi asbestos ṣe ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́. Ẹ̀yin káfíńtà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ayùn rẹ́ wọn, ẹ má sì fọ́ wọn ní gbígbẹ nínú ọ́fíìsì tí ènìyàn wà.

Bàbá_DeiDei | Ọjọ́ Ẹtì, 3:02 ọ̀sán

Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Ọlọ́run yóò bù kún un yín. Ọmọ mi obìnrin yóò mú mi lọ.

Ládàánì_SabonGari | Ọjọ́ Ẹtì, 4:25 ìrọ̀lẹ́

Àsàlámù àléékúmù. Kánò ni mo wà, èmi ni mo ń pe ìrun ní mọ́sáláṣí kékeré kan ní Sabon Gari. Bodélé, ilẹ̀ aṣálẹ̀ kan tí ó rì wọlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Chad, ni púpọ̀ nínú eruku ọyẹ́ yìí ti ń wá, ìjì tí ó ń fẹ́ láàárín òkè Tibesti àti Ennedi ni ó ń gbé e wá bá wa. Bí ó bá wá le, ọkọ̀ òfuurufú kì í lè balẹ̀ ní Kánò. Ìpè àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ó le jù fún mi, nítorí pé ọ̀fun ti gbẹ láti òru, pàápàá fún ẹni tí ó bá ń fi ẹnu mí lójú oorun.

Ohun tí mo ti ṣe tí ó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú láti má ṣe gbọn ẹní inú mọ́sáláṣí nígbà tí ìrun bá kù díẹ̀, kí wọ́n máa gbé wọn lọ sí ìta láti gbọ̀n lẹ́yìn ìrun. Mo sì dẹ́kun kíkígbe sínú gbohùngbohùn. Ẹ̀rọ ni kí ó gbé ohùn lọ, kì í ṣe ọ̀fun mi. Ìbéèrè mi ni pé, bí ohùn bá ti há, ṣé kí á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kí ó fi sinmi? Kí ni ẹ sì rí sí orógbó?

Nọ́ọ̀sì_Gwagwalada | Ọjọ́ Ẹtì, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Wàáléékúmù sàlámù, Ládàánì. Ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kì í fún ohùn ní ìsinmi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fún gògóńgò pọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Ó sàn kí ẹ rọra sọ̀rọ̀ ní ohùn ara yín, tàbí kí ẹ dákẹ́ pátápátá. Orógbó ń mú kí itọ́ pọ̀ lẹ́nu, gbígbé itọ́ náà mì sì ń tu ọ̀fun lára. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè kó eruku kúrò. Súìtì tí ó ń ta ọ̀fun tútù ni mo ń bẹ̀rù, nítorí ó máa ń mú kí ènìyàn rò pé ara ti yá, kí ó sì tún máa kígbe lọ. Ooru omi gbígbóná tí ènìyàn rọra ń fà símú máa ń dé orí okùn ohùn ní tààrà, ohun tí omi mímu kò lè ṣe. Kí ẹ gbé abọ́ náà sórí tábìlì tí kò mì, kí àwọn ọmọdé sì jìnnà sí i.

Ìyá_Alọta_Kàdúná | Ọjọ́ Ẹtì, 8:47 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Àgbàdo, ọkà bàbà àti ata gbígbẹ ni a ń lọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ọjọ́ ata ni ìyọnu pọ̀ jù, kò sí ẹni tí kì í sín. Ikọ́ fée ń ṣe mí, dókítà sì fún mi ní oògùn tí à ń fín sí ẹnu ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ń lò ó, mímí mi ti dára, ṣùgbọ́n ohùn mi ń há. Ṣé eruku ọkà ni tàbí oògùn? Mo ti fẹ́ dá a dúró.

Apòògùn_Zaria | Ọjọ́ Ẹtì, 9:20 alẹ́

Ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá a dúró láìbi dókítà yín. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ó ní sìtẹ́rọ́ọ̀dù (oògùn tí ó ń mú wíwú rọlẹ̀) nínú, ó mọ̀ ọ́n ṣe láti mú ohùn há, nítorí pé díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń bà sí ọ̀fun. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fín in, ẹ fi omi yọ ẹnu títí dé ọ̀nà ọ̀fun, kí ẹ sì tu ú dànù. Ẹ bi wọ́n léèrè pẹ̀lú nípa ike gbọọrọ tí wọ́n ń fi sí ẹnu rẹ̀, èyí tí ó ń jẹ́ kí púpọ̀ nínú oògùn náà dé ẹ̀dọ̀fóró dípò ọ̀fun. Àwọn oògùn ọ̀fìnkìn kan náà máa ń gbẹ ọ̀fun, pàápàá àwọn tí ó ń mú oorun kun ènìyàn, ọ̀pọ̀ sì ń lò wọ́n lójoojúmọ́ ní ìgbà ọyẹ́ láìbi ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá lè gbé ẹ̀rọ ata sí ìta, tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà tí atẹ́gùn ti ń gbé e lọ kúrò lọ́dọ̀ yín, yóò dára púpọ̀.

Amòfin_Garki | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:15 òwúrọ̀

Ẹ kú òpin ọ̀sẹ̀. Àbúrò wa béèrè ohun tí wọ́n lè ní kí ọ̀gá ṣe, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Òfin ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti Nàìjíríà fi dandan lé e pé kí ẹni tí ó ni ibi iṣẹ́ gbé ìgbésẹ̀ láti kó eruku àti èéfín tí ó lè pa òṣìṣẹ́ lára kúrò, kí afẹ́fẹ́ sì máa wọlé dáadáa. Ilé ìlagi àti ilé ìlọkà bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì tí a ti ń dáhùn fóònù kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí ó wà fún sísan ẹ̀san fún òṣìṣẹ́, ti ọdún 2010, gbòòrò ju ìyẹn lọ, ó kan òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti aládàáni, ó sì mẹ́nu ba àrùn tí iṣẹ́ fà. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rí sí owó ìdáàbòbò òṣìṣẹ́, NSITF, ni ó ń bójú tó o. Ní Pólándì, wọ́n ti ka àrùn ohùn tí ó ti pẹ́ mọ́ àrùn iṣẹ́ ní tààrà, àwọn olùkọ́ ni ó sì ń jàǹfààní rẹ̀ jù.

Ẹ̀rí ni ó ṣe pàtàkì. Ẹ máa kọ ọjọ́ tí ohùn há sílẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ó bọ̀ sípò, kí ẹ sì tọ́jú ìwé dókítà. Ohun tí Akọ̀wé sọ pé ohùn ń padà ní òpin ọ̀sẹ̀ wúlò púpọ̀, nítorí ó ń tọ́ka sí yàrá náà ju ara rẹ̀ lọ.

Olùkọ́_Kubwa | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:03 òwúrọ̀

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Àlàyé nọ́ọ̀sì ti dáhùn ìbéèrè mi nípa ìrọ̀lẹ́. Étienne Lombard, dókítà ará Faransé, ṣàlàyé ní ọdún 1911 pé bí ariwo bá yí ènìyàn ká, ohùn rẹ̀ á gòkè fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ilé tí ó kángun sí ilé ẹ̀kọ́ wa kì í sinmi bí iná bá lọ, kíláàsì náà kún, n kò sì mọ̀ rárá pé mo ń pariwo. Mo rò pé ó yẹ kí àwọn tí wọ́n ń dáhùn fóònù náà wò ó. Bí ẹni kan bá gbé ohùn sókè nínú yàrá yẹn, gbogbo ẹni tí ó kù ni yóò tẹ̀ lé e.

Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, ọ̀gá ti gbà pé lẹ́yìn tí a bá jáde ní ọ̀sán ni kí àwọn ọmọ máa gbálẹ̀, kì í ṣe ní àárọ̀ mọ́, kí wọ́n sì wọ́n omi sílẹ̀ kí wọ́n tó gbá a. Aṣọ tí a fi omi rẹ̀ díẹ̀ ni a ó sì fi máa nu pátákó.

Akọ̀wé_Wuse | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:36 ìrọ̀lẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Lánàá, mo bi àwọn tí ó ń tọ́jú ilé náà ní ìgbà tí wọ́n fọ asẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù kẹ́yìn, kò sì sí ẹni tí ó lè dáhùn. Mo ti ń kọ lẹ́tà sí ọ̀gá: kí wọ́n fọ ẹ̀rọ náà, kí wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò, kí wọ́n máa fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò ìgbálẹ̀, kí wọ́n ra ẹ̀rọ kékeré tí ó ń wọn ọ̀rinrin inú yàrá, kí á sì máa ní ìsinmi díẹ̀ láàárín ìpè kan sí èkejì. Àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni a ó jọ fọwọ́ sí i.

Ohun kan ṣoṣo ni ó kù tí kò yé mi. Mo fẹ́ kí wọ́n ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ tuntun lè wọlé, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ni fèrèsé náà dojú kọ. Ṣé kì í ṣe sìmẹ́ńtì ni a ó máa fà símú báyìí?

Ẹlẹ́rọ_Lugbe | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:12 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má ṣí ti ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, àǹtí. Bí ògiri ẹ̀yìn bá wà tí kò dojú kọ ibi tí wọ́n ti ń po sìmẹ́ńtì, ibẹ̀ ni kí wọ́n lu ihò sí, kí wọ́n fi fáànù tí ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé sí i, kí wọ́n sì fi asẹ́ tí ó nípọn dí ẹnu rẹ̀, èyí tí ó ṣeé yọ láti pààrọ̀. Kí ihò náà jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ o, nítorí èéfín rẹ̀ ní gáàsì kan tí kò ní òórùn, tí ó sì ń pa ènìyàn. Kí afẹ́fẹ́ tí ó ń wọlé pọ̀ díẹ̀ ju èyí tí ó ń jáde lọ, kí ó lè máa ti eruku síta láti abẹ́ ilẹ̀kùn dípò kí ó máa fà á wọlé. Bí ògiri ẹ̀yìn kò bá sí, ẹ máa ṣí fèrèsé ní kùtùkùtù kí àwọn bíríkìlà tó dé, kí ẹ sì tì í bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ sọ fún mi bí yàrá náà ti fẹ̀ tó àti iye ènìyàn tí ó ń jókòó síbẹ̀, kí n lè sọ irú fáànù tí yóò tó o, kí ẹ fi kún lẹ́tà yín.